Ta ló ń jẹ gbèsè àga tó ṣófo? Bí eré 'The Lion King' ṣe ń pawó láti ìlú dé ìlú

Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin tó bá ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí gan-an, tó sì fẹ́ wo 'The Lion King' nígbà tí eré náà bá dé ìlú wọn, yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó. Àga kan tó dára díẹ̀ lè lé ní 100 dọ́là. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò tún bu owó tiwọn lé e, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí wà níbẹ̀, àwọn ọmọ kò sì ní ṣàì sunkún nítorí ọmọlangidi kìnnìún tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n tó padà sílé, owó tó lé ní 400 dọ́là ti lọ. Ta ló wá ń kó gbogbo owó yìí?

Eré náà kì í ṣe ọmọ àná. Sinimá ọmọdé tó jáde ní 1994 ni wọ́n sọ di eré olórin orí ìtàgé. Ìlú Minneapolis ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1997, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Broadway ní New York lóṣù kọkànlá ọdún yẹn. Julie Taymor ló darí rẹ̀. Elton John, Tim Rice àti Lebo M, ọmọ Soweto ní South Africa, wà lára àwọn tó kọ orin rẹ̀. Ó dé London ní 1999. Láti 2002 ni ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ tó ń rìnrìn àjò ti ń káàkiri Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí ìgbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo ilé eré pa láti oṣù kẹta 2020 títí di 2021. Nígbà tó fi máa di 2014, owó tó ti wọlé lórí rẹ̀ káàkiri ayé jẹ́ bílíọ̀nù 6.2 dọ́là. Kò sí sinimá kankan tó pa tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà.

Àmọ́ bí owó ṣe ń rìn nínú eré tó ń rìnrìn àjò yàtọ̀ sí ti èyí tó jókòó sójú kan. Àwọn àgbà tó mọ ìgbà Hubert Ogunde, ẹni tí eré rẹ̀ àkọ́kọ́ wáyé ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó ní 1944, á rántí bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù sọ́kọ̀, tí wọ́n á háyà gbọ̀ngàn, tí wọ́n á sì dúró wo iye èrò tó máa wá. Bí òjò bá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀gá eré ló jẹ gbèsè. Ní Amẹ́ríkà, onígbọ̀ngàn ló sábà máa ń jẹ ẹ́.

Ìdí ni pé kí eré tó gbéra, onígbọ̀ngàn ti fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò san iye kan pàtó lọ́sẹ̀, èrò wá o, èrò ò wá o. Owó àmúdájú nìyẹn. Ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó, èyí tí kì í ṣe ìṣirò eré kan pàtó. Ká ní gbọ̀ngàn kan gba 2,500 èèyàn, ìgbà 8 ni wọ́n ṣeré lọ́sẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ 80 dọ́là. Bí gbogbo àga bá kún, 1,600,000 dọ́là wọlé. Wọ́n yọ 400,000 owó àmúdájú fún ilé iṣẹ́ tó ni eré, 400,000 fún ìpolówó àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà, àti ìdá mẹ́wàá, ìyẹn 160,000, fún àwọn tó kọ eré àti orin. Ó ku 640,000. Bí wọ́n bá pín in ní 60 sí 40, ilé iṣẹ́ tó ni eré tún mú 384,000, onígbọ̀ngàn mú 256,000.

Bí ìdajì àga bá ṣófo ńkọ́? 800,000 ló wọlé. Owó àmúdájú kò yí padà, owó ìpolówó kò yí padà, àwọn tó kọ orin gba 80,000. Onígbọ̀ngàn ti wọ gbèsè 80,000 dọ́là, ẹni tó ni eré sì ti gba 400,000 rẹ̀ sápò.

Kì í ṣe pé gbogbo owó tó wọ àpò ẹni tó ni eré ni èrè o. Ọmọlangidi inú 'The Lion King' lé ní 200, láìka aṣọ, iná àti orí ìtàgé fúnra rẹ̀. Tírélà ló ń kó wọn láti ìlú kan dé òmíràn. Owó oṣù ń lọ, owó òtẹ́ẹ̀lì ń lọ, owó oúnjẹ ń lọ, títí kan ọjọ́ tí wọn kò ṣeré rárá. Àwọn ọmọdé tó ń ṣe Simba àti Nala nígbà kékeré wà nínú ìrìn àjò yìí pẹ̀lú, èyí tó túmọ̀ sí pé olùkọ́ àti alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ bá wọn rìn, nítorí ilé ìwé kò gbọ́dọ̀ dúró. Nígbà tí títo gbogbo nǹkan yìí bá ti gba ọjọ́ bíi mélòó kan, kò bójú mu kí wọ́n tú u palẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí eré yìí fi máa ń lo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nílùú kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ eré mìíràn ń lo ọ̀sẹ̀ kan péré.

Onígbọ̀ngàn náà kì í káwọ́ gbera. Ó máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọdún kan lápapọ̀, eré bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà pọ̀ sójú kan. Ẹni tó bá fẹ́ àga tó dára jù láti wo 'The Lion King' ni wọ́n á sọ fún pé kó ra gbogbo rẹ̀. Eré tí kò lókìkí náà á rí oníbàárà nípa bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ọjà ni, àmọ́ ìdílé tí kò fẹ́ ju eré kan lọ ló ń fara gbá a.

Ẹni tó ni eré ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní 2013, eré yìí tún gba ipò kìn-ín-ní nínú àwọn tó pawó jù lọ ní Broadway, ìgbà àkọ́kọ́ láti 2003. Kì í ṣe pé wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì lówó gọbọi. 227 dọ́là ni wọn kò jẹ́ kó kọjá, nígbà tí àwọn eré mìíràn tó lókìkí ń ta ju 400 lọ. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń wo bí èrò ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á wá fi díẹ̀ kún ti àárín ní àsìkò ọdún, tí wọ́n á sì dín in kù lásìkò tí ọjà bá dákẹ́. Alájà ní Balógun kò ní ya ẹnu sí èyí.

Nígbà tí eré náà máa dé Johannesburg ní 2007, gbọ̀ngàn tuntun ni wọ́n kọ́: Teatro ní Montecasino, tó gba bíi 1,900 èèyàn. 'The Lion King' ni wọ́n fi ṣí i. L'Ékòó, eré Broadway tó ti wá ni 'FELA!', tó dá lórí ìgbésí ayé Fela Aníkúlápó-Kútì, lóṣù kẹrin 2011. Gbọ̀ngàn Expo ti Eko Hotel, tí wọ́n máa ń lò fún ìpàtẹ ọjà àti àpèjẹ, ni wọ́n ti ṣe é, wọn kò sì pẹ́ kí wọ́n tó kẹ́rù padà. Ilé eré Iganmu, tí wọ́n kọ́ ní 1976, ni wọ́n ti tún ṣe báyìí, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ Wọlé Ṣóyínká, wọ́n sì tún ṣí i lóṣù kẹwàá 2025. Bí ilé iṣẹ́ tó ni irú eré yìí bá kàn sí àwọn alákòóso ibẹ̀ lọ́la, kì í ṣe bí gbọ̀ngàn náà ṣe lẹ́wà tó ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Iye ọ̀sẹ̀ tí àwọn alákòóso náà lè san owó àmúdájú fún ni.