Lẹ́ńsì Tí Apá Yín Lè Gbé

Ẹ ní kí n sọ kámẹ́rà tó dára láti gbé rìnrìn àjò, fún yíya fọ́tò ẹranko ìgbẹ́ láìlo sítáǹdì. Èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí kámẹ́rà. Lẹ́ńsì wo ni apá yín lè gbé sókè fún wákàtí méjì?

Ẹ wo Sony 200-600mm. Ó dára gan-an, àmọ́ òun nìkan wúwo ju kìlógírámù 2 lọ. Canon RF 100-400mm ò tó gírámù 700. Ẹ fi sára Canon R7 tí sensor rẹ̀ kéré, á fa ẹranko súnmọ́ yín bíi lẹ́ńsì 640mm. Òun ni màá gbé lọ sí Yankari ní Bauchi, níbi tí oòrùn wà, tí erin sì tóbi.

Ti Lekki Conservation Centre yàtọ̀. Abẹ́ igi ṣókùnkùn, ọ̀bọ kì í sì í dúró jẹ́ẹ́. Tí ẹ bá na lẹ́ńsì yẹn dé 400mm, kò lè ṣí kọjá f/8, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń wọlé. Stabilisation á bá yín mú ọwọ́ dúró, kò lè bá yín mú ọ̀bọ dúró! Shutter 1/1000 ni mo máa ń lò. Bí ISO bá máa dé 6400, kó dé bẹ̀. Fọ́tò tó dà bíi pé wọ́n bu iyanrìn lé lórí ṣeé tún ṣe. Èyí tí ojú ọ̀bọ rí bàìbàì ò ní àtúnṣe.

Ẹni tó ń ta ọjà á ní kí ẹ ra èyí tó gùn jù. Ẹ kọ́kọ́ háyà á fún ọjọ́ méjì ná.

Tí ẹ bá fẹ́ wọ bàálù, báàgì ọwọ́ ni kí ẹ kó àfikún bátìrì sí. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì níta gbangba. Eruku á bo sensor.