Kí Ẹ Tó Kó Agolo Mílíìkì Lọ Síbùdó Àwọn Tí Ogun Lé

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dáwó, tí ẹ máa ń kó ẹrù jọ fún àwọn tí ogun tàbí omíyalé lé kúrò nílé ni a kọ ìwé kékeré yìí fún: ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin alásàlátù, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Èkó, ní Ìbàdàn, títí dé London. A kọ ọ́ fún ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera náà tí ẹ ń múra àtilọ ṣiṣẹ́ ní Maiduguri. Àánú yín kò bí wa nínú rárá, inú wa dùn sí i. Ohun tí à ń bẹ̀ yín fún ni pé kí àánú náà máa béèrè ọ̀nà kó tó gbéra.

Bama, oṣù kẹfà ọdún 2016

Ní oṣù yẹn, àwọn dókítà àjọ MSF (Médecins Sans Frontières) wọ ìlú Bama ní ìpínlẹ̀ Borno. Nǹkan bí 24,000 èèyàn ló ti sá wọ ọgbà ilé ìwòsàn ìlú náà, 15,000 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Àwọn dókítà náà ka sàréè tí wọ́n gbẹ́ nítòsí ibẹ̀ láàárín ọdún kan. Ó jẹ́ 1,233. Sàréè ọmọdé jẹ́ 480 nínú rẹ̀.

Láti Maiduguri sí Bama kò ju nǹkan bí 70 kìlómítà lọ, bí ẹni ń ti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta. Ogun ló dí ọ̀nà náà, a ò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn Bama jáde ni ìrànwọ́ wá ń ya lọ sí Borno bí omi òjò, ìbéèrè mìíràn sì dìde: bí ọ̀pọ̀ àjọ bá dé sí ìlú kan náà, tí gbogbo wọn fẹ́ dúró síbi tí mọ́tò lè dé, ta ni yóò lọ síbi tí mọ́tò kò lè dé?

Ta ló ń ṣe kí ni, níbo, nígbà wo

Ọdún 2005 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ètò kan lélẹ̀ pé níbi àjálù, kí ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí yóò máa pe àwọn yòókù jọ. Omi ní tirẹ̀, ilé gbígbé ní tirẹ̀, oúnjẹ aṣaralóore ní tirẹ̀. Níbi ilẹ̀ tó mì ní Pakistan ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. UNICEF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ni wọ́n gbé ẹ̀ka oúnjẹ aṣaralóore lé lọ́wọ́. Ní àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ìjọba ló ń jókòó síwájú, UNICEF á sì máa bá a pe ìpàdé. Lójú tiwa, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí àjò ò dùn kónílé má relé: àwọn àlejò yóò lọ lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì ìjọba ni yóò kù pẹ̀lú àwọn ìyá.

Ẹni tó ń pe ìpàdé yìí kò láṣẹ lórí àjọ kankan. Kò lè lé ẹnikẹ́ni, kò lè fi dandan ran ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ohun tó ní lọ́wọ́ ni ìwé kan tí gbogbo àjọ ń kọ iṣẹ́ wọn sí: ta ló ń ṣe kí ni, níbo, nígbà wo. Ìwé yìí lè dà bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan kan, àmọ́ inú rẹ̀ ni a ti ń rí i pé àdúgbò kan ní ibùdó ìtọ́jú mẹ́ta nígbà tí èkejì rẹ̀ kò ní ẹyọ kan. Àjọ tó bá kọ̀ tí kò kọ iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ ti fi àwọn ọmọ kan pa mọ́.

Ọmọ kan, ọ̀nà mẹ́ta

Téèpù kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Bí apá kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ó bọ́ sójú pupa: ọmọ náà ti rù dé ibi ewu. Láti 11.5 lọ sókè tí kò tíì pé 12.5 ni yẹ́lò: ó ti ń rù, ẹ tètè. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá wú, tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí ojú ibẹ̀ jìn, inú ewu lòun náà wà, ohun yòówù kí téèpù sọ.

Ọmọ pupa tó ṣì ń jẹun, tí kò ní àìsàn mìíràn lára, ilé ni yóò ti gbàtọ́jú. Ìyá rẹ̀ yóò máa wá gba oúnjẹ ẹ̀pà inú ọ̀rá: ẹ̀pà lílọ̀, mílíìkì gbígbẹ, ṣúgà, òróró, pẹ̀lú àwọn fítámì. Ọ̀rá kan jẹ́ gíráàmù 92, ó ní kálórì 500. Kò fẹ́ omi, kò fẹ́ iná. André Briend àti Michel Lescanne ló gbé e jáde nílẹ̀ Faransé ní ọdún 1996. Kó tó dé, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró sí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí ìyá yóò fi àwọn ọmọ yòókù sílẹ̀ sílé láìní alábòójútó. Ní ọdún 2007 ni àwọn àjọ àgbáyé jọ fọwọ́ sí i pé ilé ni kí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti máa gbàtọ́jú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Nínú ètò àwọn àjọ àgbáyé, UNICEF ló ń pèsè ọ̀rá ẹ̀pà fún ọmọ pupa. WFP, àjọ oúnjẹ àgbáyé, ló ń bójú tó ọmọ yẹ́lò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ń ran ilé ìwòsàn lọ́wọ́ lórí ọmọ pupa tí àìsàn ti dá sí i lára, tí kò lè jẹun, tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa fi mílíìkì ìtọ́jú bọ́ díẹ̀díẹ̀. Mẹ́ta ni àwọn àjọ, ọmọ kan náà ni. Ẹ wá rò ó lójú ìyá tó gbé e sẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ wọlé ní pupa, ara rẹ̀ ń yá, ó di yẹ́lò. Wọ́n ní kó máa lọ sí ibùdó àwọn yẹ́lò. Bí ibùdó yẹn bá wà ní ìlú kejì, tí ọ̀nà kò sì ṣeé rìn, yóò gbé ọmọ padà sílé sí àgbàdo àti omi. Nígbà tó bá máa fi padà wá, ọmọ ti di pupa lẹ́ẹ̀kejì.

Owó iṣẹ́ yìí pàápàá lè tán lágbedeméjì. Ní oṣù keje ọdún 2025, WFP kéde pé owó òun fún àríwá ìlà-oòrùn ń tán lọ, pé ibùdó ìtọ́jú tó lé ní 150 ní Borno àti Yobe yóò tì, èyí tó kan àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì tí iye wọn lé ní 300,000. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ìpàdé ni wọ́n ti ń pinnu bóyá ọ̀rá ẹ̀pà tó wà nílẹ̀ lè kárí àwọn yẹ́lò tí ewu wọn pọ̀ jù pẹ̀lú àwọn pupa. Àjọ kan ṣoṣo kò lè dá a pinnu.

Ọ̀rọ̀ mílíìkì

Ní ọ́fíìsì wa, ẹrù tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni mílíìkì ọmọ ọwọ́. A mọ̀ pé ìfẹ́ ló fà á. Síbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó o wá.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2006, ilẹ̀ mì ní Yogyakarta, nílẹ̀ Indonesia. Wọ́n pín mílíìkì ọ̀fẹ́ káàkiri. Nígbà tí àwọn oníṣègùn yẹ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì wò, nǹkan bí 25 nínú 100 àwọn tó gba mílíìkì náà ló ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Nínú àwọn tí kò gbà á, nǹkan bí 12 ni.

Omi tí a fi pò ó kò mọ́. Igi ìdáná kò sí láti fi se ìgò. Ọmú ìyá tí ọmọ kò sì fà mọ́ yóò máa gbẹ. Lọ́jọ́ tí agolo bá tán, ìyá á wo ọmú, á wo agolo, kò ní rí nǹkan kan nínú méjèèjì. Àwọn kan máa ń sọ pé ìyá tí ebi ń pa kò lè ní omi ọmú. Ó ń ní in. Ìyá gan-an ni kí ẹ bọ́, òun á bọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú, tí kò sí alágbàtọ́ tó lè fún un lọ́mú, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni yóò ra mílíìkì tirẹ̀, wọn á fi ife bọ́ ọ, wọn á sì máa tẹ̀lé e títí.

Àwọn àgbà tó gbọ́njú nígbà ogun abẹ́lé wa, 1967 sí 1970, kò gbàgbé àwòrán ọmọ tí ikùn rẹ̀ wú, tí irun rẹ̀ pọ́n. Kwashiorkor ni wọ́n ń pè é. Èdè Gã ni ọ̀rọ̀ náà, Dókítà Cicely Williams ló kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn ní ọdún 1935 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast: àìsàn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò rẹ̀ dé. Àwọn ìyá Accra ti mọ ohun tí ọmú ń ṣe kí ìwé tó sọ ọ́.

Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá pè é ní ìyàn

Kí àwọn àjọ tó lè kéde ìyàn, ìdílé kan nínú márùn-ún gbọ́dọ̀ ti wà nínú àìrí oúnjẹ jẹ tó le gan-an, kí ọmọdé mẹ́ta nínú mẹ́wàá ti rù, kí èèyàn méjì nínú 10,000 sì máa kú lójúmọ́. Ní Somalia, ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 2011 ni wọ́n kéde rẹ̀. Nǹkan bí 260,000 èèyàn ni ìyàn náà pa, ó lé ní ìdajì wọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ọ̀pọ̀ sì ti wọlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìkéde.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ìrànwọ́, owó ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì fún àjọ tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé ìpàdé. Ẹ bi wọ́n léèrè pé: ibo lẹ wà, ta ló wà nítòsí yín? Àjọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, kí ẹ tó ṣí páálí àkọ́kọ́ ní ibùdó tuntun, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ yẹ́lò àti ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù. Ẹ kọ ọ́ sórí káàdì ìyá. Bí kò bá mọ̀wé, ẹ ní kí ẹnì kan mú un dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní pupa.