Àdéhùn Èkó (1966)

Àdéhùn Èkó jẹ́ àdéhùn ìṣòwò tí Nàìjíríà àti Àwùjọ Ọrọ̀-Ajé Yúróòpù (EEC) fọwọ́ sí ní ìlú Èkó ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1966. Àdéhùn Róòmù ti ọdún 1957 ti fi àǹfààní ọjà fún àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, ṣùgbọ́n Nàìjíríà, tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kò sí lára wọn.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1961, Nàìjíríà já àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú Faransé nítorí àdó olóró tí Faransé dán wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà, ó sì ti èbúté rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ojú omi wọn. Lẹ́yìn èyí ni Pius Okigbo ṣojú Nàìjíríà nínú ìjíròrò pẹ̀lú EEC. Àdéhùn náà fàyè gba ìwọ̀n kan nínú kòkó, epo pupa, òróró ẹ̀pà àti plywood láti wọ Yúróòpù láìsan owó ibodè.

Irú ọjà báyìí ń gba èbúté Àpápá kọjá, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ èbúté náà sì ń gbé ní Ajégúnlẹ̀. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1967. Àdéhùn náà kò rí òǹtẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè tó yẹ gbà, kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ rí. Àdéhùn Lomé ti ọdún 1975, tí orílẹ̀-èdè 46 láti Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì fọwọ́ sí, ni ó wá fún Nàìjíríà ní àyè náà.