Ìwé Mẹ́rin ní Ọdún Mẹ́rin

Bí a bá ní kí ọmọ Yorùbá dárúkọ ìwé tí ó wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ìtàn àròsọ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Yóò ní Fágúnwà, yóò ní Ìṣọ̀lá, yóò ní Òkédìjí. Èyí dára. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé kan wà tí kì í ṣe àròsọ, tí wọ́n ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ìdí tí ó fi ṣẹlẹ̀. Irú wọn ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín: mẹ́rin tí mo kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọdún kọ̀ọ̀kan tí mo lò ní yunifásítì.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé Òkè Ọya ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wa sí. Ní Kàdúná tí mo gbé dàgbà, Bayarabe ni a jẹ́ lójú ará àdúgbò. Bí a bá sì délé nígbà ọdún, wọn a ní ará Òkè Ọya ti dé, wọn a máa fi Yorùbá ẹnu wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ilé ń pè ní àlejò, tí àjò náà ń pè ní àlejò, ó níláti wádìí ara rẹ̀ níbì kan.

Ní ọdún kìn-ín-ní, ìwé Àlùfáà Samuel Johnson ni mo mú, The History of the Yorubas. Kí n tó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú ìwé náà rí. Hastings ní ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí Johnson sí ní 1846. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ni bàbá rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un wá sí Ìbàdàn. Nígbà ogun Kírìjì, ó wà lára àwọn tí ń jíṣẹ́ àlàáfíà láàárín ìhà méjèèjì. Ní 1897 ó parí ìwé rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ jọ, ó tún ìwé náà kọ. Ní 1916 tí òun náà fi í ránṣẹ́, àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ òkun Appam tí ó gbé e, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. 1921 ni ìwé náà tó jáde. Obadiah ti kú ní 1920. Nínú tẹ̀gbọ́n tàbúrò, kò sí ẹni tí ó fi ojú rí i. Ẹ sì kíyè sí i pé ẹni tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ ni ó kọ ìtàn tí gbogbo ilé ń tọ́ka sí.

Lójú Johnson, Ọ̀yọ́ ni Yorùbá gan-an. Ẹ̀yìn Ọ̀yọ́ ni àwọn Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì ń tò sí. Orúkọ náà pàápàá kò tíì pẹ́ tí ó fi di ti gbogbo wa. Ní Sàró, Akú ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa, nítorí “ẹ kú” tí a fi ń kíni. Ahmad Baba, ọ̀mọ̀wé ará Timbuktu, ti kọ orúkọ tí ó jọ Yorùbá sílẹ̀ ní 1615, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn Hausa, tí wọ́n fi ń pe àwọn ará Ọ̀yọ́, ni ó ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Bayarabe tí àwọn kan nínú wa máa ń bínú sí lè sún mọ́ orísun orúkọ wa ju bí a ti fẹ́ lọ. Kódà nígbà tí Johnson ń wá ibi tí a ti ṣẹ̀ wá, ó lo ọ̀rọ̀ Sultan Bello ti Sókótó, tí ó ní ìran Nimrodu ni wá. Èmi kò gba ti Nimrodu gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí ìtàn wa gbà dé ilé!

Ní ọdún kejì mo ka How Europe Underdeveloped Africa, tí Walter Rodney, ọmọ ilẹ̀ Guyana, tẹ̀ jáde ní 1972 nígbà tí ó ń ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Dar es Salaam. Ní 1980, bọ́ǹbù pa á ní Georgetown, ìlú rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé ohun tí ó sọ àwọn ará Yúróòpù di olówó gan-an ni ó sọ ilẹ̀ wa di tálákà. Ó ní kí a wo ojú irin: láti oko àti ibi ìwakùsà ni ó ti ń lọ tààrà sí etí òkun. Ojú irin tiwa ni mo rò. 1912 ni wọ́n ṣí i láti Èkó dé Kánò. Òwú ni àwọn òyìnbó ń retí, ẹ̀pà ni àwọn àgbẹ̀ kó jáde. Ọkọ̀ tí ó ń kó ẹ̀pà lọ kò sì padà lófìfo: òun ni ó gbé àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà, àwọn akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ réluwé wá sí Òkè Ọya. Bàbá bàbá mi wà nínú wọn. Bí kò bá sí ẹ̀pà, bóyá kì bá sí ẹgbẹ́ wa yìí níhìn-ín. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọba àti olówò tiwa tí wọ́n ta ènìyàn, mo rò pé Rodney fi ọwọ́ ẹ̀rọ̀ mú wọn.

Ti ọdún kẹta kò gùn: The Trouble with Nigeria, ìwé pẹlẹbẹ tí Chinua Achebe kọ ní 1983. Ó ní àìsí aṣáájú rere ni ìṣòro wa. Alẹ́ kan ni mo fi kà á tán. Ó ń ta ènìyàn jí, ṣùgbọ́n àwa tí a ń tẹ̀ lé aṣáájú ńkọ́?

Ọdún kẹrin ni mo wá rí èyí tí ó mú mi padà sí ti ọdún kìn-ín-ní. The Invention of Women ni, tí Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tẹ̀ jáde ní 1997. Ó ní kí òyìnbó tó dé, kì í ṣe akọ tàbí abo ni àwọn ará Ọ̀yọ́ fi ń mọ ipò ènìyàn. Ẹni tí ó ṣáájú ni wọ́n ń wò. Ó ní kí a wo èdè wa. A ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, a kò ya ti ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ti obìnrin. “Ó” kan náà ni a ń lò fún tọkùnrin tobìnrin. Ìyàwó tí ó bá wọlé a máa pe ọmọdébìnrin inú ilé ní ọkọ mi, nítorí pé ọmọ náà ti wà nílé kí ó tó dé. Gbogbo wa ni a mọ nǹkan wọ̀nyí láti kékeré; òun ni ó tò wọ́n jọ tí ó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

Ibi tí ó ti kan Johnson nìyí. Ẹnu àwọn arọ́kin ni Johnson ti gba ìtàn àwọn aláàfin, “ó” sì ni arọ́kin ń wí. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀. Àfi kí o yan “he” tàbí “she”. Johnson yan “he” fún ọba kan lẹ́yìn èkejì. Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ tí ó jọba nígbà tí ààfin Ọ̀yọ́ wà ní Ìgbòho, ọkùnrin ni nínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí lórí ìtàn Ìgbòho tí Robert Smith tẹ̀ jáde ní 1965, obìnrin ni wọ́n ní ó jẹ́.

N kò gba gbogbo ti Oyěwùmí. Òyìnbó kọ́ ni ó kọ́ wa pé kí obìnrin má rí orò. Ọ̀yọ́ náà ni òun pẹ̀lú gbé ka iwájú; àwọn Oǹdó ńkọ́, tí ìtàn wọn ní Púpùpú, obìnrin, ni ó kọ́kọ́ jọba níbẹ̀? Síbẹ̀ mo ti tún mú Johnson, mo ń fi pẹ́ńsùlù sàmì sí gbogbo “he” tí mo bá bá pàdé.

Mẹ́ta nínú àwọn ìwé yìí wà ní yàrá ìkàwé wa. Ti Oyěwùmí ni kò sí. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ kà á kí ó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé, kí ó sáà má bínú sí ohun tí mo kọ sí etí ìwé náà.