Ẹ́táńọ́ọ̀lù inú epo kó àwọn tó ní bàálù kékeré sínú ìnáwó l'Amẹ́ríkà

Téèyàn bá gbọ́ pé ẹnì kan ní bàálù tiẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé olówó rẹpẹtẹ ni. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní bàálù kékeré, irú Cessna 150 oníjòkòó méjì, kì í ṣe ọlọ́lá. Àwọn kan ń fi tiwọn kọ́ èèyàn ní wíwa bàálù, àwọn mìíràn ń fi í ṣe káràkátà. Owó epo ló máa ń sọ bóyá wọn yóò jèrè tàbí wọn yóò jẹ gbèsè.

Epo bàálù tí wọ́n ń pè ní 100LL, tí òjé wà nínú rẹ̀, máa ń wọ́n ju epo mọ́tò lọ. Ìdí nìyí tí inú wọn fi dùn lọ́dún 1982, nígbà tí àjọ FAA, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ bàálù níbẹ̀, fọwọ́ sí i fún ẹgbẹ́ EAA pé Cessna 150 lè máa lo epo mọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn, oríṣiríṣi bàálù mìíràn náà rí àṣẹ gbà.

Àfi bí òfin epo ṣe yí padà lọ́dún 2005 àti 2007, tí ìjọba ní kí wọ́n máa da ẹ́táńọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe, mọ́ epo mọ́tò. Lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú epo tí wọ́n ń tà nílé epo ibẹ̀ ló ní ẹ́táńọ́ọ̀lù tó tó ìdá 10 nínú 100. Bẹ́ẹ̀, àṣẹ tí wọ́n fún àwọn oníbàálù wọ̀nyí sọ ọ́ kedere pé epo tó bá ní ẹ́táńọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ wọ inú tánkì wọn.

Ìdí wà fún un. Ẹ́táńọ́ọ̀lù máa ń fa omi mọ́ra. Tí omi náà bá pọ̀ tàbí tí òtútù bá mú, òun àti ẹ́táńọ́ọ̀lù á yapa kúrò lára epo, wọ́n á sì rọlẹ̀ sísàlẹ̀ tánkì. Ó tún máa ń ba rọ́bà àti lẹ́ẹ̀mù inú tánkì àwọn bàálù àtijọ́ jẹ́. Mọ́tò tó bá kú lójú títì, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú lókè ńkọ́?

Àwọn tó gbọ́n nínú wọn máa ń yẹ epo wò kí wọ́n tó rà á. Wọ́n á bu omi díẹ̀ sínú ìgò gbọọrọ, wọ́n á fi ìlà sàmì síbi tómi náà dé, wọ́n á da epo lé e, wọ́n á mì í, wọ́n á sì gbé e kalẹ̀ kó tòrò. Bí omi ìsàlẹ̀ bá ti kọjá ìlà náà, ẹ́táńọ́ọ̀lù wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bá rí epo tí kò ní ẹ́táńọ́ọ̀lù rà nítòsí, àfi kó padà sí 100LL. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2024 ní kí pápákọ̀ òfurufú tó ń tà á má ṣe dáwọ́ dúró títí ìparí ọdún 2030, àyàfi bí epo mìíràn tí FAA fọwọ́ sí bá ti rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹ́táńọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ burú. Ní Brazil, bàálù Ipanema tí wọ́n fi ń fín oògùn sóko ti ń fi ẹ́táńọ́ọ̀lù nìkan fò láti ọdún 2004, torí pé wọ́n ṣètò ẹ́ńjìnnì àti páìpù rẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí mẹ́táńọ́ọ̀lù inú rẹ̀, tó jẹ́ ìbátan ẹ́táńọ́ọ̀lù, ti pọ̀ jù wọ Nàìjíríà. Àwọn onímọ́tò ké gbàjarè pé ó ba ẹ́ńjìnnì àwọn jẹ́, ọ̀wọ́n epo sì gbòde nígbà tí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́, ẹ má wo owó epo nìkan, ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Epo tó pọ́nni lówó lónìí lè di owó mẹkáníìkì lọ́la.