Ẹkùn Mẹ́ran: Orin àti Eré

Ẹ jẹ́ kí á wo eré òṣùpá kan, Ẹkùn Mẹ́ran. Àwọn ọmọ a di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọn a pagbo yí ẹni tí ó ṣe ẹran ká. Ẹni tí ó ṣe ẹkùn a máa wá ọ̀nà wọlé. Ẹnì kan a lé orin, agbo a fi igbe ewúrẹ́ gbè é. Bí ẹkùn bá mú ẹran, a yan ẹlòmíràn.

Ẹsẹ̀ ẹran kọ́ ni ó ń gbà á là, bí kò ṣe ọwọ́ tí kò já. Ègbè ni ó sì ń so ọwọ́ pọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ orin náà sílẹ̀ láìkọ eré rẹ̀, ìdajì ewì ni ó kó bọ̀. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.