Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ibi tí wọ́n gbé oríkèé àtọwọ́dá sí ló ń sọ bí apá yóò ṣe gbé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, èjìká tó ti bàjẹ́ pátápátá ṣeé pààrọ̀. Àmọ́ ipò tí oríkèé tuntun wà ṣe pàtàkì.

🔹 Orí eegun apá rí roboto. Ó ń yí lára àwo kékeré kan. Àwọn iṣan kéékèèké ló dì í mú.

🔹 Tí iṣan wọ̀nyẹn bá ti já ńkọ́? Lọ́dún 1985, Paul Grammont, dókítà ará Faransé, gbé ohun roboto sí ibi àwo, ó sì gbé àwo sí orí eegun apá. Iṣan ńlá tó bo èjìká ló wá ń gbé apá.

🔹 Wọ́n gbé ohun roboto náà ga jù? Àwo á máa ha eegun tí apá bá sọ̀ kalẹ̀.

🔹 Apá gùn jù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Ó lè pa iṣan ìmọ̀lára lára. Kò gùn tó? Oríkèé lè yẹ̀.

🔹 Bí wọ́n ṣe dojú oríkèé tuntun náà kọ iwájú tàbí ẹ̀yìn wà lára ohun tó ń pinnu bóyá ọwọ́ á dé ẹ̀yìn láti so ìró.

✅ Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn tàbí níbòmíràn, ẹ sọ iṣẹ́ yín fún dókítà: oko ríro, ẹrù rírù, kòkó kíká. Ẹ bi í léèrè èyí tó ṣì máa ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi eré ìdárayá tí wọ́n bá yàn fún yín ṣeré.